Ọjọ́ Tí Eré Wọ Ọgbà Ẹ̀wọ̀n San Quentin

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 1957, ni àwọn òṣèré kan láti ìlú San Francisco gbé eré orí ìtàgé wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n San Quentin ní ìpínlẹ̀ California. Ẹlẹ́wọ̀n 1,400 ló jókòó wò ó. Eré náà kò wàásù fún ẹnikẹ́ni. Kò sí olè tó ronú pìwà dà nínú rẹ̀, kò sí ìyá tó ń sunkún lórí ọmọ tó bàjẹ́, kò sì sí ìdájọ́ níparí. Síbẹ̀, láti alẹ́ ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà fún àwọn kan nínú ọgbà yẹn, ìyípadà náà sì bá wọn dé òde. Ẹni tó bá ń bèèrè lónìí, ì báà jẹ́ ní Jos tàbí ní Agodi n'Íbàdàn, bóyá eré lè tún ẹlẹ́wọ̀n ṣe, kó bá wa tẹ̀ lé ọjọ́ kan yìí láti òwúrọ̀ di òru. Yóò rí ohun tí eré lè ṣe, yóò sì rí ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Aago méje òwúrọ̀ ku díẹ̀

Nínú oṣù Kọkànlá, aago méje máa ń ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí oòrùn tó yọ ní agbègbè San Francisco. Wákàtí mẹ́sàn-án ni aago Nàìjíríà fi ṣíwájú tiwọn. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bá San Quentin, ọjọ́ ti ń rọ̀ ní Du, ìletò àwọn Berom ní gúúsù Jos. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù níbẹ̀, lórí ilẹ̀ òkè tí àwọn awakùsà ti gbẹ́ káàkiri nítorí tánńganran.

Etí omi ni San Quentin wà. Ọdún 1852 ni wọ́n ṣí i, kò sì sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba ìpínlẹ̀ tó dàgbà jù ú lọ ní California. Sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ há débi pé ẹni tó bá na apá méjèèjì yóò kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. Ibẹ̀ náà ni ìjọba ti ń pa àwọn tí wọ́n dájọ́ ikú fún nígbà náà. Okùn ni wọ́n fi ń yẹgi fún wọn tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1938 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi afẹ́fẹ́ olóró pa wọ́n.

Ní òwúrọ̀ yẹn, Caryl Chessman wà lára àwọn tó ń dúró de ikú. Ọdún 1948 ni wọ́n ti dájọ́ fún un. Láti inú sẹ́ẹ̀lì ló ti kọ ìwé tí wọ́n kà jákèjádò ayé, tó sì ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ lọ́jọ́ náà, kò mọ̀ pé ó tún ku ọdún méjì àti oṣù mélòó kan kí wọ́n tó wá mú òun.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tún wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Rick Cluchey. Ọmọ Chicago ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ lógún ọdún. Ó fi ìbọn jalè, wọ́n fi ẹ̀sùn ìjínigbé kún un, ilé ẹjọ́ sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n gbére, ẹ̀wọ̀n tí wọn kò fi ọ̀nà àbáyọ kankan sí. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó máa ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé òun kò tíì wọ ilé eré rí nígbà náà, àní láti lọ jalè níbẹ̀ pàápàá.

Chessman ń dúró de ọjọ́ tí wọn yóò pa á. Cluchey ń dúró láìmọ ohun tí òun ń dúró dè. Gbogbo ọgbà náà ló ń dúró de nǹkan kan: lẹ́tà, àlejò, ìgbìmọ̀ tó ń dín ọdún ẹ̀wọ̀n kù, agogo oúnjẹ. Ohun tó wà nínú ilé náà nìyẹn kí eré tó dé.

Ọ̀sán

Ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ wá ṣeré ni Actor's Workshop. Herbert Blau àti Jules Irving, olùkọ́ méjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì San Francisco State, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1952. Eré tí wọ́n ń gbé bọ̀ ni *Waiting for Godot*. Samuel Beckett, ọmọ Ireland tó fi Paris ṣe ilé, ló kọ ọ́ ní èdè Faransé, Paris sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní oṣù Kìíní ọdún 1953.

Ìtàn inú rẹ̀ kò gùn. Alárìnkiri méjì, Vladimir àti Estragon, dúró lábẹ́ igi kan lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n ń dúró de ẹnì kan tó ń jẹ́ Godot. Wọn kò mọ̀ ọ́n dáadáa, ibi ìpàdé gan-an kò dá wọn lójú, bóyá òní ni wọ́n sì jọ dá, wọn kò mọ̀. Godot kò wá. Wọ́n padà wá ní ọjọ́ kejì, Godot kò tún wá. Ó parí.

Irú eré báyìí ti dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní Miami lọ́dún 1956, ọ̀pọ̀ àwọn olówó tó sanwó wọlé ló dìde kúrò kí eré tó parí, inú ń bí wọn pé wọ́n fi àkókò àwọn ṣòfò. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn òṣèré náà lọ́jọ́ yìí kò ṣàjèjì rárá. Bí ẹni tó wọ aṣọ olówó iyebíye, tó kàwé gboyè, kò bá lè fara da eré yìí, kí ni ọ̀daràn yóò ti ṣe é sí?

Wọn kò mú eré náà nítorí ẹ̀kọ́ tàbí ọgbọ́n inú rẹ̀. Ohun tó mú kó rọrùn fún àwọn aláṣẹ láti gbà á wọlé ni pé kò sí obìnrin kankan nínú rẹ̀. Láti ọdún 1913, tí Sarah Bernhardt, gbajúmọ̀ òṣèrébìnrin ilẹ̀ Faransé, ti ṣeré níbẹ̀, wọn kò tíì ṣe eré orí ìtàgé nínú ọgbà náà. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ti kọjá láàárín méjì. Wọ́n ń sá fún wàhálà obìnrin, wọ́n wá ṣílẹ̀kùn fún nǹkan tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ láìfura.

Àwọn aláṣẹ ìlú Jos kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1946. Hubert Ogunde, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí kó tó di ọ̀gá eléré, gbé *Strike and Hunger* dé ìlú náà. Ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò ọdún 1945 ló bí eré yẹn. Jos ìgbà náà kún fún òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti kùsà, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Ọlọ́pàá dá eré náà dúró, wọ́n gbé Ogunde lọ sí kóòtù, ó sì san owó ìtanràn £125. Àwọn aláṣẹ amúnisìn ní Jos mọ̀ pé ẹni tó bá wo ìyà ara rẹ̀ lórí ìtàgé kì í padà sílé bó ṣe wá. Àwọn ti San Quentin rò pé eré tí kò sí obìnrin nínú rẹ̀ kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Jos ló mọ agbára eré jù, òun náà ló sì tì í mọ́lé.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́

Ní nǹkan bí aago márùn-ún ni oòrùn ń wọ̀ lágbègbè náà nínú oṣù Kọkànlá. Ní Du, aago méjì òru ti fẹ́ lù, ọjọ́rú ti wọlé.

Ẹrù tí eré yìí nílò kò pọ̀: igi kan tí kò ní ewé, bàtà tó fún ẹlẹ́sẹ̀, fìlà, kárọ́ọ̀tì, àpótí ìjókòó tó ṣeé ká, àpò ẹrù. Ó sì tún nílò pàṣán kan àti okùn gígùn, nítorí pé ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n so okùn mọ́ lọ́rùn. Nínú ọgbà tí wọ́n ti yẹgi fún ènìyàn rí, kò sí ẹni tí wọ́n ní láti sọ ìtumọ̀ okùn ọrùn fún.

Ilé oúnjẹ ńlá tí wọ́n ń pè ní North Dining Hall ni wọ́n sọ di ilé eré. Ibẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń jẹun lójoojúmọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n wá jókòó sí ní alẹ́ yìí. Ó dára ká fi èyí sọ́kàn. Wọn kò kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, wọn kò ra àga onítìmùtìmù. Àyè tó wà nílẹ̀ ni wọ́n lò.

Alẹ́, kí aṣọ ìtàgé tó ṣí

Wọ́n pa iná. Gbọ̀ngàn náà ṣú, ó kún fọ́fọ́. Martin Esslin, tó fi alẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ìwé ńlá rẹ̀ lórí irú eré báyìí ní ọdún 1961, sọ ohun tí Herbert Blau rí nígbà tó bọ́ sórí ìtàgé láti bá wọn sọ̀rọ̀. Iná ìṣáná ń ṣẹ́jú níbi gbogbo nínú òkùnkùn. Ẹlẹ́wọ̀n á ṣá ìṣáná, á tan sìgá, á sì ju ìṣáná tó ń jó náà sẹ́yìn láti orí èjìká, láìwẹ̀yìn wo ibi tó já sí. Èkejì á ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta á ṣe bẹ́ẹ̀, títí gbogbo ilé náà fi ń tàn tó ń ṣú, tó ń tàn tó ń ṣú.

Ẹ wo olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó dúró níwájú irú èrò bẹ́ẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ? Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìtumọ̀ eré, yóò dà bíi pé ó rí wọn bí òpè. Bó bá ní kí wọ́n farabalẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀, ó ti di wòlíì. Blau kò ṣe èyíkéyìí. Ó ní kí wọ́n gbọ́ eré náà bí ẹni ń gbọ́ orin jáàsì, kí kálukú gba ohun tó bá bá a mu níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó bọ̀wọ̀ fún ènìyàn nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé ọgbà náà, àwọn mìíràn ló ń sọ fún wọn irú ẹni tí wọ́n jẹ́: adájọ́, wọ́dà, dókítà, àlùfáà. Ní alẹ́ yìí, ẹnì kan ní kí wọ́n fi ojú ara wọn wo nǹkan, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n bá rí.

Ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́

Aṣọ ìtàgé ṣí. Ìwé ìròyìn tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń ṣe fúnra wọn, *San Quentin News*, sọ ìtàn àwọn géńdé mẹ́ta kan tí apá wọn kì lọ́nà àrà, tí ìwúwo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ pọ́n-ùn 642. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n jókòó sí. Àwọn ọmọge àti àwàdà ni wọ́n ń retí. Nígbà tí wọn kò rí èyíkéyìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́, wọ́n sì fẹnu kò pé bí iná bá ti lè dín kù báyìí, àwọn yóò yọ́ jáde.

Wọ́n ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí akọ̀ròyìn ẹlẹ́wọ̀n náà ṣe wí: wọ́n fi ìṣẹ́jú méjì gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọn kò lè lọ mọ́. Wọ́n jókòó títí eré fi parí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n ń jáde.

Abala kìíní

Kí ni wọ́n gbọ́? Wọ́n gbọ́ ọkùnrin méjì tó ń wá ọ̀rọ̀ sọ kí ilẹ̀ lè ṣú. Wọ́n jà, wọ́n parí rẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọ̀ ọ́ padà, wọ́n jẹ kárọ́ọ̀tì. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé inú kòtò lòun sùn mọ́jú, àwọn kan tí òun kò mọ̀ sì lu òun. Kò bínú sí i púpọ̀. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sọ bójú ọjọ́ ṣe rí. Olówó kan, Pozzo, wá kọjá, ó ń fi okùn da ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lucky níwájú. Lucky ru gbogbo ẹrù, kò sọ wọ́n kalẹ̀ kódà nígbà tí wọ́n dúró. Ó ti pẹ́ lẹ́nu okùn débi pé òun náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró láìrẹrù.

Ní ìparí abala náà, ọmọdékùnrin kan wá jíṣẹ́. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Godot kò ní lè wá lálẹ́ yìí, ṣùgbọ́n dájúdájú yóò wá lọ́la.

Kò sí ẹlẹ́wọ̀n lágbàáyé tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Lọ́yà wí pé lọ́la ni. Akọ̀wé kóòtù ní fáìlì kò tíì dé, kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyàwó kọ̀wé pé bí owó ọkọ̀ bá jọ, òun ń bọ̀. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé Paris ń fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan jiyàn lé lórí nínú ìwé ìròyìn, ojú lásán ni àwọn tó wà nínú ilé oúnjẹ yìí fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kàn ló mọ̀.

Abala kejì

Ibì kan náà, àkókò kan náà, ọjọ́ kejì. Igi náà ti yọ ewé bíi mẹ́rin márùn-ún. Pozzo padà wá, ojú rẹ̀ ti fọ́. Lucky ti yadi. Ọmọdékùnrin náà tún dé, ó ní òun kọ́ lòun wá lánàá, ó sì jẹ́ iṣẹ́ kan náà. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ronú àtipokùnso, wọ́n dán okùn tí ọ̀kan fi di ṣòkòtò wò, okùn já, ṣòkòtò sì bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn máa lọ. Wọn kò mira.

Bí ó ti parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó ní ohun tó tọ́ nìyí, ohun tí kò tọ́ nìyí.

Nínú sẹ́ẹ̀lì, ní wákàtí kan náà

Rick Cluchey kò sí nínú gbọ̀ngàn náà. Àwọn aláṣẹ kà á mọ́ àwọn tó lè sá lọ, wọn kò sì jẹ́ kó jáde. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé eré náà wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì. Ó jókòó sínú tirẹ̀, ó ń gbọ́.

Kò rí igi. Kò rí okùn. Ohùn ló gbọ́, àti ìdákẹ́jẹ́ tó wà láàárín ohùn, èyí tó pọ̀ nínú eré náà ju ti eré mìíràn lọ. Nínú òkùnkùn, ọkùnrin kan ń bi èkejì léèrè ohun tí wọn yóò ṣe báyìí, èkejì sì ń dá a lóhùn pé wọ́n ń dúró. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé kò ní jáde mọ́ títí ayé rẹ̀ ló ń gbọ́ èyí. Cluchey sọ lẹ́yìn náà pé gbogbo ẹni tó wà ní San Quentin lóye rẹ̀, nítorí wọ́n mọ ohun tí à ń pè ní dídúró.

Lẹ́yìn eré

Akọ̀ròyìn *San Francisco Chronicle* kan wà níbẹ̀. Ó bi àwọn ẹlẹ́wọ̀n léèrè ta ni Godot. Ọ̀kan ní Godot ni àwùjọ. Òmíràn ní Godot ni òde. Olùkọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà náà sọ pé àwọn ọkùnrin yìí mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti dúró, wọ́n sì mọ̀ pé bí Godot bá tilẹ̀ wá, ìjákulẹ̀ ni yóò jẹ́. Láìpẹ́, orúkọ àwọn tó wà nínú eré náà ti di ara ẹnà tí wọ́n ń fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ọgbà.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, ìtàn dídùn lásán ni ì bá jẹ́. Wíwò yàtọ̀ sí ṣíṣe. Ohun tó so èso ni pé láàárín àkókò díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn ẹlẹ́wọ̀n fúnra wọn dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀, San Quentin Drama Workshop, Cluchey sì wà lára àwọn tó ṣe é. Alan Mandell láti Actor's Workshop ń wá kọ́ wọn. Yàrá tí wọ́n ti ń yẹgi tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di ilé eré kékeré. Ní ọdún 1961, àwọn náà ṣe *Waiting for Godot*, Cluchey sì ṣe Vladimir. Lẹ́yìn náà ó kọ eré tirẹ̀, *The Cage*, lórí ìgbésí ayé inú sẹ́ẹ̀lì. Ní ọdún 1966, Gómìnà Pat Brown dín ìdájọ́ rẹ̀ kù, ẹni tí kò yẹ kó tún rí òde mọ́ sì jáde. Ó wá Beckett kàn ní Paris, ó bá a ṣiṣẹ́ ní Berlin, Beckett fúnra rẹ̀ sì darí rẹ̀ nínú *Krapp's Last Tape* ní ọdún 1977. Ọdún 2015 ló kú, ó kú sínú iṣẹ́ eré.

Báwo ni eré ṣe ṣe é? Kì í ṣe oògùn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣeré gbọ́dọ̀ dé lákòókò, nítorí àwọn tó kù ń dúró dè é. Ó gbọ́dọ̀ fetí sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kó tó sọ tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án láìsí ìjà. Bí ó bá gbàgbé ọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n jọ wà lórí ìtàgé ló máa yọ ọ́, òun náà yóò sì yọ onítọ̀hún lọ́jọ́ mìíràn. Kékeré ni gbogbo èyí jọ, ṣùgbọ́n ohun gan-an tí ìwà ọ̀daràn ti bà jẹ́ nínú ènìyàn nìyẹn: kí àwọn ẹlòmíràn lè gbára lé e.

Ohun kejì jìn ju ìyẹn lọ, Yorùbá sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Bí ènìyàn bá ti gbé agọ̀ eégún wọ̀, a kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ohùn rẹ̀ yí padà, ìrìn rẹ̀ yí padà, ẹni tó jù ú lọ ló ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹlẹ́wọ̀n tó ń ṣe Vladimir kì í ṣe nọ́ńbà, kì í ṣe ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, fún wákàtí méjì. Nígbà tó bá bọ́ aṣọ náà sílẹ̀, ó ti mọ̀ pé òun lè jẹ́ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú fáìlì. Ẹ̀rí ti ara rẹ̀ ni, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ká má bàa sọ àsọdùn. Ilé iṣẹ́ ìwádìí RAND ní Amẹ́ríkà kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní ọdún 2013, wọ́n sì rí i pé ìṣeéṣe kí ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ nínú ẹ̀wọ̀n tún padà síbẹ̀ fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ẹni tí kò kọ́ nǹkan kan. Ẹ̀kọ́ lápapọ̀ ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe eré nìkan. Àwọn ẹgbẹ́ eré inú ẹ̀wọ̀n, bíi Rehabilitation Through the Arts tó bẹ̀rẹ̀ ní Sing Sing ní ìpínlẹ̀ New York lọ́dún 1996, máa ń sọ pé nínú àwọn ènìyàn tiwọn, ìwọ̀nba kéréje ló ń padà sẹ́wọ̀n. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sílẹ̀ fún eré ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà kó tó dé ibẹ̀. Eré kò fi agbára fa ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti ń wá ilẹ̀kùn ló ń ṣílẹ̀kùn fún.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ níbẹ̀, aago mẹ́fà òwúrọ̀ ní Du

Nígbà tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá lù ní San Quentin, ilẹ̀ ti ń mọ́ ní Du. Ẹ jẹ́ ká wá fi ojú ibẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n Jos kò jìnnà sí Du. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ ibẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n 262 sì sá lọ. Gbogbo ènìyàn ló sọ̀rọ̀ ìbọn àti ògiri. Nọ́ńbà kan tí àwọn aláṣẹ fi síta lọ́jọ́ náà ni ọ̀pọ̀ kò kọbi ara sí: nínú àwọn 1,060 tó wà nínú ọgbà náà, 560 ni wọn kò tíì dájọ́ fún. Wọ́n ń dúró. Bó ti rí jákèjádò Nàìjíríà nìyẹn; àwọn tó ń dúró de ìdájọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n. Òfin ọdún 2019 ti yí orúkọ iléeṣẹ́ náà padà láti ti ẹ̀wọ̀n sí ti àtúnṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ bíi aṣọ rírán àti iṣẹ́ káfíńtà, ẹni tí wọ́n ti dájọ́ fún ni wọ́n sábà ń kọ́. Ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ń falẹ̀ ní kóòtù kò sí nínú ètò ẹnikẹ́ni.

Eré bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu ju ohunkóhun lọ. Kò béèrè pé kó lo ọdún mẹ́ta kó tó mọ̀ ọ́n. Kò nílò ayùn tàbí òòlù tí wọ́dà yóò máa kà ní alaalẹ́. Ilé oúnjẹ tó to San Quentin yóò to Jos náà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ sì wà nítòsí: Yunifásítì Jos ń kọ́ni ní iṣẹ́ tíátà, ilé ẹ̀kọ́ sinimá ìjọba àpapọ̀ wà ní ìlú náà, Jos Repertory Theatre tí Patrick-Jude Oteh dá sílẹ̀ sì ti ń ṣeré níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún ni ìwàásù. Bí a bá gbé eré lọ sí ẹ̀wọ̀n nílẹ̀ wa, eré tó ń fi ìka tọ́ka ni ó sábà máa ń jẹ́: olè jalè, wọ́n mú un, ó sunkún, ó gbàdúrà, aṣọ ìtàgé bò. Ẹlẹ́wọ̀n ti mọ apá yẹn. Òun ló gbé e débẹ̀. Ohun tó gba àwọn géńdé mẹ́ta inú San Quentin ni pé kò sí ẹni tó ń nawọ́ ìbáwí sí wọn, wọ́n sì gbàgbé láti dìde. Kí eré tó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn ní Jos, ó gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé òye àwọn tó ń wò ó. Lẹ́yìn náà, kí àwọn òṣèré òde kúrò lórí ìtàgé, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ni ilé, ní èdè tí wọ́n ń sọ, Hausa, Berom tàbí Yorùbá.

Ẹnì kan yóò ní, ẹni tí wọ́n jà lólè ńkọ́? Ta ló ń ṣeré fún un? Ìbéèrè tó tọ́ ni, eré kò sì lè dáhùn rẹ̀. Eré kò lè dá ohun tí wọ́n jí padà. Kò lè ṣe iṣẹ́ adájọ́ tí fáìlì ti pọ̀ lórí tábìlì rẹ̀, ìyẹn sì ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn 560 yẹn nílò. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n jà lólè náà ní ìdí tirẹ̀ láti fẹ́ kí eré wọ ọgbà. Godot kò wá. Ní ti àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ń bọ̀, sí Du, sí Bukuru, sí àdúgbò tí a jọ ń gbé. Ohun tí wọ́n bá fi àkókò ìdúró wọn kọ́ ni wọn yóò gbé bọ̀ wá bá wa, a sì láǹfààní láti dá sí ohun tí yóò jẹ́ nísinsìnyí tí wọ́n ṣì wà níbẹ̀.